Ariwo tí mo sanwó láti lé: ìrírí mi lórí fíìmù olówó kékeré tí a yà ní Èbúté Mẹ́ta

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ nǹkan yìí, àmọ́ apá kan wà nínú ẹ̀ tí mi ò lè rántí kí ojú má tì mí, ìyẹn ni mo ṣe ń sún un síwájú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àbúrò kan pè mí, ó ní òun fẹ́ ya fíìmù, inú ilé kan ṣoṣo, òṣèré kan ṣoṣo, pé torí owó ò sí lòun ṣe wá ìtàn tó rọrùn. Ọ̀rọ̀ tí èmi náà sọ ní 2023 gẹ́lẹ́ nìyẹn. Mo ní kó fún mi lọ́jọ́ méjì, n óò kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún un, bí mo sì ṣe ń kọ ọ́ ni mo rí i pé ó yẹ kí ẹlòmíì náà kà á.

Ìtàn tiwa rèé. Obìnrin kan, ọkọ ẹ̀ kú. Mùsùlùmí ni wọ́n, ó sì jókòó ṣe opó bó ṣe wà nínú Súrà Baqarah ẹsẹ 234, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Opó parí, wọ́n ní kó jáde, kò lè jáde. Oṣù kẹfà, oṣù kẹjọ, ó di ọdún kan, kò tíì kọjá ẹnu ọ̀nà. Àwọn ará ilé ń yìn ín pé ìfẹ́ ọkọ ẹ̀ ló ń ṣe é. Lóru ọjọ́ kan ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ tí ẹnì kan ń wọ́ nǹkan tó wúwo nílẹ̀ lókè orí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń gbé lókè yẹn ti rìnrìn-àjò, àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀. Ṣé ẹnì kan wà lókè ni, àbí inú orí obìnrin yìí ni ìró yẹn wà? Ìyẹn náà ni gbogbo ìtàn.

Owó tó wà lọ́wọ́ mi jẹ́ 2,300,000 náírà, àjọ tí mo kó àti ohun tí mo yá nínú kọ́pẹ́rétíìfù. A jẹ́ méje pẹ̀lú òṣèré. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la ní. Ìyá ọ̀rẹ́ mi kan ló yọ̀ǹda ilé fún wa ní Èbúté Mẹ́ta, ilé àtijọ́ olókè méjì, òkè àkọ́kọ́ la ti yà á, mo sì san 150,000 fún màmá.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ ni pé mo rò pé ilé kan túmọ̀ sí wàhálà kékeré. Ẹ gbọ́ o, tí fíìmù bá ń lọ láti ọjà dé ọ́fíìsì dé ilé ìjọsìn, ojú èèyàn ò ní àyè láti wo nǹkan kan pẹ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ yàrá kan náà lẹ ń fi hàn wọ́n fún wákàtí kan àtààbọ̀, wọ́n á mọ ibi tí ògiri ti sán, wọ́n á mọ iye ife tó wà lórí tábìlì. Aago ògiri ilé yẹn ń ṣiṣẹ́, a ò sì yọ bátìrì ẹ̀. Síìnì kan tí ò ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá kọjá, ó parí ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Èmi àti ẹ́dítọ̀ ló kọ́kọ́ rí i, nígbà tí kò sí ohun tá a lè ṣe sí i mọ́. Ẹ yọ bátìrì aago. Ẹ ya fọ́tò gbogbo igun yàrá kẹ́ ẹ tó sùn, kẹ́ ẹ tún yà á kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀.

Ọ̀rọ̀ epo ló kàn. Ní 29 May 2023 ni ààrẹ tuntun gbàjọba tó sì kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí bẹntiróòlù tí à ń rà ní bíi 185 náírà fi di 488 ní Èkó. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e gan-an la bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Jẹ́ńẹ́ wa ń mu lítà 25 lójúmọ́. Owó tí mo kọ sínú ìwé fún epo ọjọ́ mẹ́sàn-án ò tó 42,000, ohun tí mo ná lé ní 109,000, ibo lẹ rò pé mo ti rí ìyàtọ̀ yẹn yọ? Inú oúnjẹ àwọn ọmọ. Láti ọjọ́ kẹta, ẹran ti kúrò nínú ìrẹsì wọn, wọn ò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ń falẹ̀ sí i, mo sì ń bínú sí wọn. Lónìí, oúnjẹ ni mo kọ́kọ́ ń yọ owó ẹ̀ sọ́tọ̀, mi ò ní fọwọ́ kàn án ohunkóhun tó wù kó ṣẹlẹ̀.

Jẹ́ńẹ́ yẹn kan náà tún dá nǹkan míì sílẹ̀. Iná NEPA ń yí nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń gbé kámẹ́rà sí fọ́tò 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí wọ́n á gbé ṣọ́tà, ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe ń là pẹ́ tó fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan, sí 1/50 ìṣẹ́jú àáyá, kí òun àti iná lè jọ máa lọ. Àmọ́ jẹ́ńẹ́ kékeré ò dúró síbì kan. Tí ẹnì kan bá fi áyọ́ọ̀nù sí i báyìí, á rọlẹ̀, ìlà dúdú á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gun àwòrán bí ejò, pàápàá tó bá jẹ́ gílóòbù olówó pọ́ọ́kú lẹ fi sínú yàrá. Ojú lásán ò ní rí i. Odindi ìdajì ọjọ́ ló bá a lọ kí ọmọkùnrin tó ń mú kámẹ́rà tó sún àwòrán mọ́ra tó sì pariwo. Láti ìgbà yẹn, iná tó ń lo bátìrì nìkan la fi ń tan ojú òṣèré, jẹ́ńẹ́ wà fún chaji nìkan.

Ní ti àwọn ọmọ àdúgbò, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ẹ lọ rí àgbà tí wọ́n ń gbọ́ tiẹ̀ ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́, kẹ́ ẹ tún gba ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà síṣẹ́ ṣíṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kẹ́ ẹ san owó ẹ̀ lójoojúmọ́. Ọmọ tí mo gbà yẹn ṣiṣẹ́ ju àwọn tí mo mú wá láti Sùúrùlérè lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ sáùndì, torí òun gan-an ló mú mi jókòó kọ ìwé yìí.

Mo ní lọ́kàn pé ilé obìnrin tí kì í jáde gbọ́dọ̀ dákẹ́ bí ibojì. Mo ti wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀ tó pọ̀ láti òkè òkun, ilé ńlá, ìdákẹ́jẹ́, aago ń dún kọ́ọ́ kọ́ọ́. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, ní Èbúté Mẹ́ta! Ọjọ́ kìíní, ẹlẹ́rọ ìlọta nísàlẹ̀. Fèrè rélùwéè láàárọ̀. Wẹ́dà lójúlé kejì. Ìyá oníbúrẹ́dì, ọmọ tó ń sunkún, oníwàásù tó gbé máìkì dání ní aago márùn-ún ìdájí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún àwọn èèyàn kí wọ́n dákẹ́. Mo fún ẹlẹ́rọ ní 5,000 lójúmọ́, mo fún wẹ́dà ní 10,000, ẹni tí ò tiẹ̀ ní jẹ́ńẹ́ lọ gba jẹ́ńẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wá tàn án kí n lè fún òun náà. A kó bẹ́ẹ̀dì dí fèrèsé, a fi kúbùsù bo ògiri, a sé kọ́tìnì, a paná fáànù, gbogbo wa ń làágùn nínú ooru bí ẹni tó wà nínú ààrò. Nígbà tó yá a yí iṣẹ́ sóru, láti aago kan títí dìgbà tí wọ́n bá fẹ́ pe ìrun àsùbáà, torí àkókò yẹn nìkan ni ilé yẹn máa ń dákẹ́ díẹ̀.

Fíríìjì màmá náà ń kùn, a bá pa á. A gbàgbé láti tan án padà. Ẹja àti ẹran màmá bàjẹ́ pátá, mo san 35,000, ohun tó sì dùn mí jù ni pé màmá ò bínú, wọ́n kàn ń kó o jáde díẹ̀díẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin sáùndì ló wá kọ́ mi lọ́gbọ́n kan: tẹ́ ẹ bá pa fíríìjì, ẹ ju kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín sínú ẹ̀. Ẹ ò lè lọ sílé láìṣí i.

Òun náà ló ní ká máa gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ìṣẹ́jú kan gbáko, kí gbogbo èèyàn dúró gbagidi, kó lè rí nǹkan fi di ojú ibi tí ẹ́dítọ̀ bá gé. Mo ní kò sí àyè. Ibi tá a ti gé ọ̀rọ̀ nínú fíìmù yẹn ń ta èèyàn létí títí dòní.

Ọjọ́ kẹfà nìyí. Èyí ni mi ò fẹ́ kọ.

Síìnì kan wà tí ilẹ̀kùn yàrá há, tí obìnrin náà rò pé ẹnì kan ló tì í mọ́ òun látìta. Òṣèré mi ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ó dáa, àmọ́ kò wọ̀ mí lójú. Mo sá sí kọ̀rọ̀, mo ní kí ọmọ tó ń ràn wá lọ́wọ́ fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn yẹn gan-an, kó má sọ fún un. Mo fẹ́ ẹ̀rù gidi. Òun àti ọmọ kámẹ́rà nìkan ló wà nínú yàrá, fèrèsé ti di pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì, fáànù ò sí, òkùnkùn ṣú. Ó fa ilẹ̀kùn, kò ṣí. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a. Mo gbọ́ tí ohùn ẹ̀ yí padà, tó kúrò ní ohùn eré, mo mọ̀, etí mi gbọ́ ọ, mo sì ní kí wọ́n má ṣí i. Bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ọmọ kámẹ́rà ló pariwo pé ká ṣílẹ̀kùn, ẹ̀gbọ́n yìí ò lè mí mọ́.

Nígbà tá a ṣí i, ó jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń wá èémí bí ẹni tí wọ́n fà yọ nínú omi. Kò bú mi. Ó kàn wò mí lójú, ó ní, “Àǹtí, ẹ mọ̀ pé ẹ ti ilẹ̀kùn.”

Mi ò rí ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo tún fi kún àṣìṣe mi, mo ní, “Ó jáde dáadáa ni, o máa rí i.” Àwọn ọmọ tó kù ò wo ojú mi títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìgbà tá a wo nǹkan tá a gbà, ohùn ẹ̀ ti lé máìkì kọjá, ó ń fọ́ káákáá, àwòrán ò sì mú ojú ẹ̀ rárá nítorí òkùnkùn. A ò lo ohunkóhun nínú ẹ̀. Ká tiẹ̀ ní ó dáa ju gbogbo ohun tá a yà lọ, mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ó pé oṣù kan kí n tó lè pè é láti tọrọ àforíjì bó ṣe yẹ, láìsọ àwáwí. Àwọn tó ń ya irú ìtàn báyìí, ẹ jọ̀ọ́, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ òṣèré fúnra ẹ̀. Ẹ jọ fẹnu kò sórí ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ pé bó bá ti jáde lẹ́nu ẹ̀, gbogbo nǹkan dúró. Tiwa báyìí ni “ó tó”. Kí ọ̀rọ̀ náà má sí nínú ìwé eré, kẹ́nikẹ́ni má bàa rò pé eré ló ń ṣe.

A parí lọ́jọ́ kẹsàn-án. Ẹ́dítọ̀ gbé e kalẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo wò ó, ó dákẹ́ bí mo ṣe fẹ́, ó mọ́, kò sì dẹ́rù bani rárá. Mi ò mọ ohun tó ṣe é. Mo ń sọ pé ẹ̀rọ ló fà á, pé ká ní mo ní kámẹ́rà tó dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ ni, ì bá dáa.

Bẹ́ẹ̀ ẹni tó yẹ kí n lọ bá látìbẹ̀rẹ̀ wà nínú ẹbí mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Ìyá Mushin là ń pè wọ́n, wọn ò jáde nílé fún bí ọdún mẹ́ta nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe wọ́n, àwọn kan ní ìgbéraga ni. Wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n fi omi àdúrà wẹ̀. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn ni nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ará ilé wọn sọ pé àìsàn tó ní orúkọ ni, pé ọkàn á máa sáré, èémí á kúrú, ẹni náà á rò pé òun ń kú lọ, á wá máa sá fún ibi tó ti ṣẹlẹ̀ sí i, bó bá sì ṣe ń sá ni ẹ̀rù yẹn á máa dàgbà sí i. Ìtọ́jú ẹ̀ ni pé kí wọ́n máa jáde díẹ̀díẹ̀, ẹnu ọ̀nà lónìí, àtẹ̀gùn lọ́la, pẹ̀lú ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Ó mà ń dùn mí o, ilé ìwòsàn àwọn tó ń tọ́jú ọpọlọ ti wà ní Yábàá láti 1907, kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí ibi tá a ti ń ya fíìmù, ṣùgbọ́n lẹ́nu àwa ará Èkó, orúkọ Yábàá yẹn ti di èébú. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn bí Ìyá Mushin fi ń jókòó sílé.

Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ bá wọn. Wọ́n wò ó lórí bẹ́ẹ̀dì títí tó fi parí. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, kì í ṣe báyìí.”

Mo ní, “Ẹ ṣàlàyé fún mi, Màámi.”

Wọ́n ní kí ló dé tí obìnrin yẹn ń pariwo tó báyẹn, pé ẹ̀rù yẹn kì í pariwo. Pé ńṣe lèèyàn máa wẹ̀, á wọṣọ, á gbé báàgì, á dé ẹnu ilẹ̀kùn, á wá ní ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wò ó bóyá mo paná sítóòfù. Á padà lọ wò ó. Á tún dé ẹnu ilẹ̀kùn, á rántí pé òun ò tíì mu oògùn. Nígbà tó bá fi máa di aago méjìlá, á ní oòrùn ti mú jù, ó dọ̀la. Á bọ́ṣọ. Wọ́n ní ohun táwọn ṣe lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́ta nìyẹn, pé ìsàlẹ̀ bàtà àwọn ò jẹ rí, àmọ́ inú ẹ̀ ti gbó nítorí wíwọ̀ àti bíbọ́.

Mo ti ń sunkún nígbà yẹn. Wọ́n wá béèrè ohun kan tó dá mi lóhùn gbogbo ìṣòro mi: “Àwọn ará ilé dà? Ṣé òun nìkan ló ń gbé Èkó ni?”

Wọ́n ní etí àwọn ò sinmi láàárín ọdún mẹ́ta yẹn. Ẹni tí ò lè jáde, etí ẹ̀ ló ń bá a jáde. Wọ́n mọ ìrìn gbogbo èèyàn lórí àtẹ̀gùn, wọ́n mọ ẹni tó jẹ gbèsè nítorí bó ṣe ń yọ́ rìn, wọ́n mọ̀ pé oníbúrẹ́dì ní òtútù kó tó mọ̀ fúnra ẹ̀. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni ìgbà tí ìró kan tí wọ́n mọ̀ bá yẹ̀ díẹ̀.

Ariwo tí mo sanwó láti lé, òun ni fíìmù.

Mo padà sílé yẹn ní Èbúté Mẹ́ta, mo bẹ màmá, wọ́n jẹ́ kí n sùn níbẹ̀ lóru méjì, èmi nìkan, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tí mo yá lọ́wọ́ ọmọ sáùndì. Mo gba gbogbo ẹ̀: igbá omi lẹ́bàá kànga, odó, fèrè rélùwéè, ọmọ tó ń ka ìwé sókè. Mo sì gbọ́ nǹkan kan tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré tí mi ò fiyè sí rí. Tí NEPA ò bá mú iná wá, láti bí aago mọ́kànlá alẹ́, jẹ́ńẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti iwájú kú. Ti òdìkejì títì kú. Á wá ku ẹyọ kan, lọ́ọ̀ọ́kán, á máa dún, á máa dún, òun náà á wúkọ́, á kú. Ìdákẹ́jẹ́ tó máa tẹ̀ lé e, ara mi bù màṣọ̀. Ibẹ̀ ni mo gbé ìró tó ń wá látòkè sí. Kó tó di pé jẹ́ńẹ́ tó kẹ́yìn kú, kò sí nǹkan kan. Bó bá ti kú, nǹkan yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Odó la fi ṣe é, a da yanrìn díẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, a ń fà á. Ohun tó jẹ́ ní tòótọ́, mi ò ní fi pa mọ́ fún yín: ìró àpótí ọkọ ẹ̀ ni, lọ́jọ́ tí àwọn ẹbí ọkọ wá kó ẹrù olóògbé, tí wọ́n wọ́ àpótí náà kọjá níwájú ẹ̀ tí kò sì lè sọ̀rọ̀.

Ìparí tó wà tẹ́lẹ̀ ni pé obìnrin náà sáré jáde sí títì. Ìyá Mushin ní irọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi pe òṣèré mi, lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Mo bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sán kan péré, mo sọ ohun tá a fẹ́ ṣe láìku ẹyọ kan, mo ní tó bá ní rárá, mi ò ní béèrè ìdí. Ó ní kí n jẹ́ kóun ronú. Ọjọ́ kẹta ló pè mí pé òun máa wá, àmọ́ òun lòun máa mú kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́.

Àwa mẹ́rin la lọ. Kò sí jẹ́ńẹ́, kò sí bẹ́ẹ̀dì lójú fèrèsé, a ò ní kí ẹnikẹ́ni dákẹ́. Ó wọ bàtà, ó gbé báàgì, ó padà lọ wo sítóòfù. Ó tún dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó jáde. Ó di ìgbátí àtẹ̀gùn mú, ó sọ̀kalẹ̀ kan, ó sọ̀kalẹ̀ kejì, ní ẹ̀kẹta, ó jókòó, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti ní kí wọ́n gé e. Ìgbà yẹn gan-an ni NEPA mú iná wá, gbogbo ọmọ inú ilé yẹn, nísàlẹ̀ lókè, hó yèè, “Ùp NEPA!” Ó gbójú sókè, ó yà á lẹ́nu ní tòótọ́, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú ẹ̀. Ọmọ sáùndì bojú wò mí. Mo mi orí fún un pé kó jẹ́ kó máa lọ.